Àwòrán Tí Mo Lọ Yà fún Àwọn Aláṣọ Abẹ́òkúta

Láti ìgbà tí mo ti padà sí Ìkàrẹ́, ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí. Ẹ ó kí mi kú àbọ̀ tán, ẹ ó wò mí láti òkè délẹ̀ bóyá mo sanra, ẹ ó wá ní, "Tàjù, kí gan-an lo lọ ń ṣe lọ́hùn-ún?" Bí mo bá ní àwòrán ni mo lọ yà, ẹ̀rín lẹ máa ń rín. Ọkùnrin tó hu irùngbọ̀n, tó ka ìwé dé yunifásítì, àwòrán ló ń yà kiri! Mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí gbogbo yín kà á, kí n lè sinmi.

Àwòrán tí mò ń wí kì í ṣe ti ojú èèyàn tàbí ti ẹyẹ. Ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó ló gbà mí síṣẹ́. Wọ́n ń ṣe sọ́fítíwíà, ìyẹn ètò tí fóònù àti kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé láti ṣiṣẹ́. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ní apá púpọ̀. Apá kan ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu oníbàárà, apá kan ń tọ́jú rẹ̀, apá mìíràn ń fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ṣe é. Ó yé àwọn tó kọ ọ́ yékéyéké, ṣùgbọ́n òkùnkùn ni lójú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, àwọn tó fẹ́ fi ṣòwò. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ya apá kọ̀ọ̀kan bí àpótí, kí n fa ìlà láti ọ̀kan sí èkejì, kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà lè rí i kó sì mọ ohun tó ń gbà. Àwọn aláṣọ àdìrẹ kan ní Abẹ́òkúta ti kó ara wọn jọ, wọ́n fẹ́ ètò tí wọ́n á fi máa tajà fún àwọn tó wà lókèèrè. Wọ́n sì sọ ọ́ lójúkojú pé ohun tí kò bá yé àwọn, àwọn ò ní gbà á. Ni ọ̀gá mi bá ní kí n máa lọ.

Ará Òkè

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé àwa nìkan la ní òkúta, ẹ lọ wo Abẹ́òkúta. Ọ̀sán ni mo wọ ìlú náà. Mo rí ilé tó fẹ̀yìn ti àpáta bí àgbàlagbà tó fẹ̀yìn ti ògiri, páànù orí wọn ti pọ́n bí epo. Inú mi dùn, mo ní àwọn èèyàn yìí dà bíi tiwa. Ìgbà tí mo la ẹnu ni mo mọ̀ pé àlejò ni mí.

Alhájà Sábítíyù ni olórí àwọn aláṣọ náà. Ilé rẹ̀ wà ní Òwu, ilé ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, níbi tí ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ ti ta aṣọ ṣáájú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ mi, ó béèrè ilé, ó béèrè àlàáfíà ìyá mi tí kò rí rí, kó tó wá kan iṣẹ́ tó gbé mi wá. Mo ń dáhùn lọ ni ọmọbìnrin kan tó ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀! Ará òkè ni wọ́n rán sí wa."

"Bárà, fi àlejò sílẹ̀ jàre," ni Alhájà wí, ṣùgbọ́n òun náà ń rẹ́rìn-ín. "Lọ bu omi fún un."

Bí mo ṣe mọ Bàrákátù nìyẹn, ọmọ Alhájà, ẹni tó ń bá ìyá rẹ̀ dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù, tó sì tún ń ya ọnà sára aṣọ. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Ará Òkè ní gbogbo àdúgbò. Ó kọ́kọ́ bí mi nínú. Nígbà tí mo fi máa kúrò níbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí ní Tàjù, mi ò ní tètè mọ̀ pé èmi ni.

Wọ́n fún mi ní yàrá kan lẹ́yìn ilé. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kọ́kọ́ fẹ́ da àárín wa rú. Ẹ mọ̀ pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Èyí tí wọ́n gbé síwájú mi kò tilẹ̀ sí nínú òwe náà. Láfún ni. Ó funfun bí iyán, ó ń dán bí iyán, ojú mi ti gbà á ní iyán, mo ti wẹ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ìgbà tó dé ọ̀fun ni mo mọ̀ pé ojú ti tàn mí jẹ.

"Kò dùn ni?" Bárà bi mí.

"Ó dùn."

"Irọ́ ń bẹ lójú ẹ, Ará Òkè. Máa gbé e mì, ó máa mọ́ ẹ lára."

Ó mọ́ mi lára lóòótọ́. Láfún tí mò ń jẹ náà ni wọ́n ń sè bí ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ní àárọ̀, mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, màá máa wo Bárà tó ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà, láìfa ìlà kankan tẹ́lẹ̀, láìsí rúlà. Ìyá mi gún iyán fún mi lọ́jọ́ tí mo délé. Mo jẹ ẹ́ tán, mo dúpẹ́, ọkàn mi sì ń wá láfún.

Àgbà lókè pátápátá

Mo fara balẹ̀ ya àwòrán àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ni mo fẹ́ tò sórí ìwé, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé sì ni mí. Mo ti kọ́kọ́ fọgbọ́n bi Bárà pé ta ló dàgbà jù nínú wọn. Ó ní Ìyá Gbágùrá ni, ìyá àgbà kan tó ti ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù. Mo wá gbé àpótí Ìyá Gbágùrá sókè pátápátá. Mo to àwọn tó kù sísàlẹ̀ rẹ̀ bí ọjọ́ orí wọn ṣe tẹ̀léra. Nítorí pé òun ló wà lókè, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo jẹ́ kí gbogbo ìlà ti ṣẹ̀: ọ̀rọ̀ oníbàárà á wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀, á sì sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn àbúrò rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ńlá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀ Alhájà, mo dúró tì í bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé fún ìyá rẹ̀.

Ìyá Gbágùrá fi ìgò sójú, ó sún mọ́ ògiri, ó ń fi ìka tọ ìlà.

"Èyí tó wà lókè yìí, èmi nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Àwọn ìlà tó ń tọ̀dọ̀ mi jáde yìí ńkọ́?"

"Iṣẹ́ tó bá dé bá yín ni, mà. Ẹ̀yin lẹ ó fi ránṣẹ́ sí Alhájà àti àwọn tó kù."

Ó bọ́ ìgò rẹ̀. Ó yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ gbọ́ o. Èmi ni kí n máa sáré jíṣẹ́ fún Sábítíyù! Lọ́jọ́ ogbó mi!"

"Mà, ọ̀wọ̀ yín ni mo fi…"

"Ọ̀wọ̀ wo? O sọ àgbà di ìránṣẹ́, o ní ọ̀wọ̀ ni. Ará Òkè, ṣé bí ẹ ṣe ń ṣe nílé yín nìyẹn?"

Àwọn tó wà nísàlẹ̀ pàápàá kò dúpẹ́. Ọ̀kan ní àpótí tòun kéré. Òmíràn ní kí ló dé tí ìlà òun fi gba inú ilé ẹlòmíràn kọjá. Alhájà mi orí. Wọ́n ní, "Ó dáa, a ó máa rò ó," wọ́n sì ká aṣọ wọn lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ní Abẹ́òkúta, "a ó máa rò ó" kò yàtọ̀ sí rárá.

Ọ̀gá mi pè láti Èkó. Ó ní bí wọn ò bá gba àwòrán náà láìpẹ́, òun á rán ẹlòmíràn wá rọ́pò mi. Ẹ̀yin ará ilé, ó yẹ kí ẹ̀rù iṣẹ́ bà mí. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé bí wọ́n bá mú mi kúrò níbẹ̀, mi ò ní rí Bárà mọ́.

Òun ló bá mi níbi tí mo ti ń bó ìwé náà kúrò lára ògiri. "Ará Òkè, ta ló ní kí o ya ẹyọ àwòrán kan fún gbogbo wọn?"

"Ètò kan ṣoṣo ni."

"Ṣebí ilé kan ṣoṣo nilé yìí náà. Bí o bá bi Màmá pé báwo ló ṣe rí, ibi tí wọ́n ń kó aṣọ sí ni wọ́n á sọ fún ẹ. Bí o bá bi bàbá mi, ọ̀nà tó yọ sí mọ́ṣáláṣí ni. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Lọ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan pé kí ló ń bà á lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyẹn ni kí o yà fún un."

Láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà

Mo kọ́kọ́ gba ilé Ìyá Gbágùrá lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, ó jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀ kó tó ní kí n dìde. Ó gbé kókoro, ìpanu àgbàdo wọn, àti omi tútù fún mi. Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù: ọnà ara aṣọ rẹ̀, tó jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kí àwọn yòókù má lọ rí i nínú fóònù kí wọ́n sì máa yà á. Mo padà sílé, mo ya yàrá kan tó ní ògiri yíká, tó ní ẹnu ọ̀nà kan, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun nìkan ló ń ṣí i. Bó ṣe rí nínú ètò náà nìyẹn lóòótọ́. Alhájà ní tirẹ̀ fẹ́ mọ̀ pé nígbàkigbà, ọwọ́ ta ni aṣọ òun wà. Mo ya ọ̀nà tí aṣọ máa ń rìn fún un, láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á.

Nígbà tí mo ṣe ti àwọn yòókù tán, ẹni tó kù ni Bàbá Ẹlẹ́lùú, àgbẹ̀ kan ní abúlé tó wà lẹ́yìn Ìtòrí. Òun ló ń gbin ẹlú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, àwọn ìyàwó rẹ̀ ló sì ń pa aṣọ láró. Bárà ní aṣọ funfun tó fẹ́ kó lọ fún wọn, ó ní ká jọ lọ.

Inú eruku ọkọ̀ ńlá la gbà kọjá kí a tó yà sínú oko, kí gbogbo nǹkan tó dákẹ́. Ilé olórìṣà nilé Bàbá. Wọ́n ta aṣọ àlà sí igun kan lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú omi tútù nínú ìkòkò. Bárà tó kírun kí a tó kúrò nílé kúnlẹ̀, ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń ki oríkì ìyá ìyá rẹ̀ fún un. Wọ́n gbé láfún àti ẹran ọ̀yà fún wa. Mo jẹ ẹ́ láìjanpata, Bárà sì ń wò mí tìyanutìyanu.

Bàbá gba àwòrán tirẹ̀, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Èmi dà níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin nìyí, bàbá. Àpótí yìí."

"Kò lẹ́nu ọ̀nà. Ibo ni kí n gbà lọ sóko?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo fi ẹnu ọ̀nà sí i lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ká a lára gan-an ni pé fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní abúlé náà, ẹnu ta ni òun máa ti gbọ́ iṣẹ́? Mo fa ìlà kan láti ọ̀dọ̀ Bárà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ní ẹnu ọmọ yìí ni, òun á máa pè yín lọ́jọ́ ọjà tí ẹ bá wà ní Ìtòrí. Ó ní bó bá jẹ́ ẹnu ọmọ yìí ni, òun gbà. Ó wá wo èmi, ó wo Bárà.

"Ìwọ Bárà, ṣé ọkọ ẹ nìyí?"

"Ẹ bi í, bàbá," Bárà dáhùn.

Wọ́n yíjú sí mi. Ojú tì mí, mo ń wo ilẹ̀. Mo ní, "Àlejò lásán ni mí, bàbá."

Bárà kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi rí páànù Abẹ́òkúta lókèèrè.

Bí iṣẹ́ ṣe parí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Bí àwòrán náà bá ṣe ń yé wọn sí, bẹ́ẹ̀ ni ìgbà tí mo máa fi ìlú náà sílẹ̀ ń sún mọ́lé. Gbogbo ìlà tí mo bá fà dáadáa, ara mi ni mò ń lé lọ. Nígbà tí mo mọ èyí, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Mo ń pa àwọ̀ dà. Mo ń sún àpótí sọ́tùn-ún, mo ń sún un padà sósì. Bárà rí mi.

"Ará Òkè, ṣebí àwọ̀ tí o yọ lánàá lo tún fi sí i yìí?"

"Mo fẹ́ kó dára ni."

"Ó ti dára láti ìjẹta."

Kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀? Mo ń wo ilé ńlá náà, mo ń wo ìran aláṣọ tó wà níbẹ̀, mo tún ń wo ara mi, ọkùnrin tí ilé rẹ̀ kò ju inú báàgì lọ, tí wọ́n ń rán kiri láti ìlú dé ìlú. Mo ní wọn ò ní fún mi. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo béèrè, èmi ni mo dáhùn.

Ìpàdé ìkẹyìn dé, oníkálukú mú àwòrán tirẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá Gbágùrá ló dìde, ó ń ṣàlàyé ògiri rẹ̀ fún gbogbo ilé bí ẹni pé òun ló mọ ọ́n. Alhájà ń fi ọ̀nà aṣọ rẹ̀ hàn án. Wọ́n rí i pé ètò kan náà ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń jíṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Wọ́n gbà. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n ní Ọlọ́run á fún mi níyàwó rere. Mo ṣe àmín, ọkàn mi bàjẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo máa lọ, Alhájà pè mí wọ yàrá rẹ̀. Ó gbé aṣọ kan jáde, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n pa láró ẹlú gidi, irú tí wọn kì í pàtẹ rẹ̀ lọ́jà. Mo mọ ọnà ara rẹ̀. Mo ti rí i níwájú Bárà láràárọ̀.

"Fún ìyá ẹ ni," ó wí. "Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kó pè mí."

Bárà dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Má jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ ẹ o," ó wí. Mo ní kò ní pẹ́.

Ìbàdàn

Ìbàdàn ni wọ́n rán mi sí lẹ́yìn ìyẹn, lọ́dọ̀ àwọn kan tó ń ta oògùn. Wọ́n ní sùúrù, oúnjẹ wọn dára, mi ò rántí orúkọ èyíkéyìí nínú wọn. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, màá ṣí báàgì mi. Òórùn ilé Alhájà wà lára aṣọ náà: aró, èéfín díẹ̀, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń sá nǹkan sí. Màá gbé e lé ẹsẹ̀. Mo lè fi rán awakọ̀ tó ń lọ sí Ìkàrẹ́, ọ̀pọ̀ ló ń lọ. Mo ní irú aṣọ báyìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi rán awakọ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé mi ò fẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ mi. Òun nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́ láti ilé náà. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dáwọ́ dúró, aṣọ wà nínú báàgì.

Ìkàrẹ́

Ìyá mi tẹ́ aṣọ náà sórí ibùsùn. Ó ń fọwọ́ pa ọnà ara rẹ̀.

"Ta ló ya èyí?"

"Ọmọ wọn ni. Bárà."

"Ọmọ tí o ò yé sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti àná. Ìyá rẹ̀ ló wá fi rán ẹ sí mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní bó bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, kí ẹ pe àwọn."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

Mo sọ fún un. Ó jókòó. "Tàjù, ìyá ọlọ́mọge fi iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n pe òun. Kí lo rò pé ó fẹ́ bá mi sọ? Ọ̀rọ̀ òjò? Ìwọ tí wọ́n ń gbé kiri pé kí o máa fi bí nǹkan ṣe so mọ́ra han àwọn èèyàn!"

Ó ní kí n pè é lójú ẹsẹ̀. Mo pè, mo sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde sí gbangba. Inú Alhájà dùn, ó kí ìyá mi kú ilé, kú ọmọ, kú ìtọ́jú. Ó wá kan ọ̀rọ̀ aṣọ.

"A retí ohùn yín títí, Ìyá Tàjù. Nígbà tí a ò gbọ́ nǹkan kan, a ní bóyá aṣọ wa ò bá yín lára mu, tàbí bóyá ọmọ ti ní ẹni nílé. A ò lè ní kí ọmọ máa jókòó. Àwọn ará Ṣàgámù kan ti wá tọrọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti gbà fún wọn."

"Ẹ kú oríire," ni ìyá mi wí. Ó ṣàdúrà tó gùn fún ìyàwó àti ọkọ, kò sí èyí tó yọ sílẹ̀. Mo ń fetí sílẹ̀ bóyá màá gbọ́ ohùn Bárà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò sì sọ fún un rí.

Nígbà tí fóònù dákẹ́, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ náà díẹ̀díẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí a dá a padà.

"Wọn kì í dá irú rẹ̀ padà," ó wí. "Màá fi dá bùbá. Èèyàn kì í gba irú aṣọ yìí lọ́wọ́ ẹni kó má lọ dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wàá sìn mí lọ sí Abẹ́òkúta."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"A máa lọ, Tàjù. Ìyàwó nìkan la ò ní mú bọ̀."